Ètè Kòlẹ́tì

Bantè, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù Savalou dé. Ètè Kòlẹ́tì àbúrò mi ti dúdú lápá kan. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí onídìrí gún un kí ètè rẹ̀ lè kún ló dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, àti pé ó pẹ́ jù kó tó wá.

Lóṣù tó kọjá ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé abẹ́rẹ́ tó ń mú ètè kún ò léwu?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ètè tí Ọlọ́run fún un ti tó jẹun.

Mi ò ní kó béèrè ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Mi ò sọ fún un pé tó bá ń dùn ún, kó sáré lọ sọ́sibítù...

Lọ́sàn-án yìí mo ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mímu. Ó ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."