Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Bàbá Mi Dá Dúró

Bàbá mi àtàtà,

Láti ìgbà òjò ni mo ti ń kọ ìtàn kan. Ọkùnrin inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ rélùwéè Ọ̀fà bíi tiyín. Mo rò pé mo mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ni mo rí i pé ohun tí mo mọ̀ kò ju bí ẹ ṣe máa ń nu bàtà yín lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ, tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín nù ún.

Ni mo bá gun ọ̀kadà lọ sí Ìjàgbò, lọ bá Alhaji Búsàrí tí ẹ jọ ṣiṣẹ́. Wọn kò ríran dáadáa mọ́, ohùn mi ni wọ́n fi dá mi mọ̀. Mo bi wọ́n nípa àsíá, nípa tíkẹ́ẹ̀tì, nípa bí ariwo ọkọ̀ ṣe máa ń rí bó bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo wá ka ibi kan sí wọn létí, níbi tí mo ti kọ ọ́ pé ọkùnrin náà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní, "Bàbá rẹ dúró de èèyàn rí. Ìyẹn ló fi jókòó sílé."

Alhaji ní aboyún kan ń rọbí ní Òjòkú, wọ́n ń gbé e bọ̀ lójú ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́, kí ọkọ̀ ojú irin lè gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìlọrin. Ẹ ò ju àsíá tí awakọ̀ máa ń rí kó tó gbéra, títí wọ́n fi gbé e wọ inú ọkọ̀. Obìnrin náà bímọ láyọ̀. Àwọn ọ̀gá ní kí ẹ lọ jókòó sílé láìgba owó oṣù.

Mo rántí ìgbà yẹn. Ẹ sọ fún wa pé ìsinmi lẹ gbà. Ẹ ń mú wa lọ sóko, ẹ ń kọ́ wa ní ebè kíkọ, inú wa sì ń dùn pé a rí yín lójúmọmọ. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa nígbà tí a dàgbà tán?

Mo bi Màámi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí àwọn má sọ, torí ẹ ò fẹ́ kí a mọ̀ ní kékeré pé èèyàn lè ṣoore kó sì jìyà rẹ̀. Mo bèèrè bóyá mo lè kọ ọ́ sínú ìwé.

"Kọ ọ́," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n má sọ wọ́n di mọ̀láíkà. Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an. Wọn ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà."

Mo ti tún ibẹ̀ kọ láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin náà di àsíá mú, ọkọ̀ ń fọn fèrè, ẹ̀rù ń bà á, kò sì jù ú. Ibẹ̀ ni mo dé. Mi ò tíì mọ ohun tó máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ bó bá délé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.