Ọjọ́ tí Bàbá Kékeré Fa Agogo Rafaẹli

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Láti àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kún inú mi, mi ò sì mọ ẹlòmíì tí mo lè kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún. Ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Ẹ rántí pé nígbà tí mo fẹ́ ọmọ ìlú Songon, tí mo sì bá a ṣe Kátólíìkì, gbogbo ẹbí Ìgbòho tó wà ní Adjamé ló bínú. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ pé Jibrilu tí wọ́n ń pè ní Gabriel lọ́hùn-ún, ṣebí àwa náà mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń rí yín lórí ẹní ìkírun lẹ́yìn ìsọ̀ wa ní àdúgbò Siporex, bí ẹ ṣe ń yíjú sọ́tùn-ún, tí ẹ ń yíjú sósì, tí ẹ ń sálámà sí àwọn màlékà. Apá òsì ni mo máa ń jókòó sí nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo rò pé èmi lẹ ń kí, mo sì máa ń dáhùn.

Ṣápẹ́lì wa wà létí ọ̀sà, orúkọ Rafaẹli ni wọ́n fi sọ ọ́. Òun ni olórí áńgẹ́lì tó ń bá arìnrìn-àjò rìn, kò sì sí apẹja níbí tó máa ti ọkọ̀ sómi láì ké sí i. Lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn olórí áńgẹ́lì, wọn a gbé ère rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọn a wà á káàkiri ọ̀sà kí omi lè gba ìbùkún. Lọ́dún yìí, ọkọ mi wà lára àwọn awakọ̀. Bàbá arúgbó tó ń fa agogo ṣápẹ́lì náà bá wọn lọ, ó ní òun fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan kí òun tó kú.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín, wà níbẹ̀. Láti ìgbà ìgbéyàwó mi, kò fẹsẹ̀ kan ilé mi rí. Ṣàdédé ló wọ ọkọ̀ èrò gbákà wá láti Adjamé, ó gbé obì dání, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ṣápẹ́lì, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

Ni ojú ọ̀run bá ṣú lójijì. Òjò dé tìjì-tìjì, kí a tó ṣẹ́jú, a ò rí ọkọ̀ náà mọ́. Gbogbo ọ̀sà funfun, bí ẹni ta aṣọ bò ó. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀. Saint Michel, priez pour nous, gbàdúrà fún wa. Saint Gabriel, priez pour nous. Ẹnu mi ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti wà nísàlẹ̀ omi.

Ìgbà náà ni Bàbá Kékeré jágbe lẹ́yìn mi.

“Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ibi tí ilẹ̀ wà nínú òjò yìí? Agogo yín dà?”

“Ẹni tó ń fà á wà nínú ọkọ̀, Bàbá.”

“Okùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà wà nínú ọkọ̀?”

Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣápẹ́lì, bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí, ó gbá okùn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bó ṣe ń fà á ló ń ké: “Olúwa tó ni Jibrilu! Olúwa tó ni Mikailu! Olúwa tó ni Isirafilu!” Àwọn obìnrin ń pe tiwọn níta, òun ń pe tirẹ̀ nínú ilé, agogo ń dún láàárín wọn. Mi ò ké mọ́, mi ò lè gbàdúrà mọ́ pàápàá. Ńṣe ni mo kàn ń gbọ́.

Orí ère náà la kọ́kọ́ rí nínú òjò. Lẹ́yìn náà la rí àwọn ọkùnrin tó yí i ká, gbogbo wọn pé. Ọkọ mi ní àárín ọ̀sà ni àwọn ń wa ọkọ̀ lọ, tí àwọn rò pé ilé ni, kí àwọn tó gbọ́ agogo, tí àwọn sì yí orí ọkọ̀ padà. Ó ní ó dà bí ẹni tó ń rìn níwájú àwọn lórí omi.

Ta ló gbà wọ́n là, Bàbá? Ṣé áńgẹ́lì ni àbí àbúrò yín? Ní ọ̀run tí ẹ wà yẹn, ṣé ẹ lè bá mi bi àwọn áńgẹ́lì?

Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Kékeré bó. Mon père, àlùfáà wa, ló fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, tó sì fi aṣọ funfun dì í. Ó béèrè ohun tí ìjọ lè fi dúpẹ́. Bàbá Kékeré ní kí wọ́n fún òun ní ibi gbígbẹ tí òun lè kírun sí, kí èmi náà sì wá sọ fún òun, lédè wa, ohun tí Rafaẹli yìí ṣe tí wọ́n fi ń pè é báyìí.

Mo sọ fún un. Bàbá àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sọ́nà jíjìn. Àjèjì kan bá ọmọ náà rìn lọ, ó bá a rìn bọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé áńgẹ́lì ni. Nígbà tí wọ́n padà délé, ọmọ náà fi òróòro ẹja kun ojú bàbá rẹ̀, ojú náà là, ẹni àkọ́kọ́ tó sì rí...

Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà lé mi lórí.

“Ṣé ó rí ọmọ rẹ̀?”

“Ó rí i, Bàbá.”

“Alhamdulilahi,” ó wí, ó sì ń sunkún.

Ọmọ yín ni mí, títí ojú wa yóò fi tún kanra,
láti Songon.