Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Inú Kòtò Títì

Ìjọba dí kòtò iwájú ilé ìyá mi lánàá. Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Èmi ni mo fi ìbínú gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú kòtò náà. Ẹnu yà mí nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rọra hú u, tí wọ́n tún un gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n sì bomi rin ín. Ọ̀gá wọn ní, "Àgbẹ̀ orí títì, ẹ má bínú, a pẹ́ kí a tó dé."

Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ lónìí wá la gọ́tà, torí àgbàrá ti ń jẹ ìpìlẹ̀ ilé náà. Mo ní kí ìyá mi kó wá sọ́dọ̀ mi kí òjò tó dé. Ó ní, "Ẹni tó bomi rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ èébú rẹ, ṣé èmi ni yóò wá purọ́ fún?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gbà wọ́n gbọ́? Òjò ti ṣú. Mo ń gbọ́ ìró katakata lọ́ọ̀ọ́kán, n kò tíì mọ̀ bóyá àwọn ni.