Ohùn Ọkùnrin Tó Jáde Nínú Yàrá Mi

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òtútù òwúrọ̀, ẹ kú ìnira orúnkún. Ọmọ yín tó wà ní Bẹyẹrúnkà n'Ìbàdàn ló kúnlẹ̀ kí yín yìí, lórí ẹní kan náà tí mo ti ń jókòó láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn tó ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò wa. Mo kí Ràímì, àbúrò mi, tí yóò ka ìwé yìí fún yín. Ràímì, má fo ibì kankan o. Bó o bá dé ibi tí ojú bá ti ń tì ọ́, kà á sókè.

Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Mo ní kí Ràímì gbé fóònù sí yín létí, ó ní ẹ ní kí òun sọ fún mi pé ẹ ò lọ́mọ tó ń gbàlejò ọkùnrin nígbà tí ilẹ̀ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí kò tíì gbẹ. Ìyá mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà kó tó dé Ṣakí, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní kí wọ́n bá mi gbé èsì mi sínú ìwé ìròyìn tí Ràímì máa ń kà fún yín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ àlàyé, àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn ò ní gbọ́ ọ, n ò sì lówó ọkọ̀ tí mo lè fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ mọ bí opó ṣe rí lẹ́sìn wa, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. N kò gbọdọ̀ jáde láìnídìí, n kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, n kò gbọdọ̀ lo ohun ọ̀ṣọ́, ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí mi kò sì gbọdọ̀ wọlé tọ̀ mí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Mo fẹ́ràn Bàbá Súkúrá, mo sì fẹ́ ṣe opó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀yin ń ṣe ti Bàbá wa, àgbàlá wà tí ẹ lè rìn yíká, ẹ ń rí ewéko, ẹ ń rí adìyẹ. Yàrá kan ni tèmi. Tí mo bá na ẹsẹ̀, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù. Tí mo bá dojú kọ fèrèsé, ògiri ilé kejì ni mò ń rí, àti òkè Mápó díẹ̀ lókè rẹ̀. Lọ́sàn-án, páànù á máa dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ nítorí oòrùn, èmi náà á máa yan lábẹ́ rẹ̀ bí ẹja. Ìsọ̀ ike mi lỌ́jà'ba wà ní títì. Mò ń gbọ́ ariwo ọjà láti ibi tí mo wà, ọkàn mi sì ń ka àwọn oníbàárà mi bí wọ́n ṣe ń ya sí ìsọ̀ ẹlòmíì, tí wọ́n ń ra kúláà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fún wọn ní ẹ̀dínwó tí mo máa ń fún wọn.

Ohun tó ń dá mi lára yá ni fíìmù. Súkúrá ọmọ mi ló ń ra dátà ránṣẹ́ sí mi láti Abẹ́òkúta. Mo bi àlùfáà tó ń wá ṣe wàásù fún wa, láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, bóyá mo lè máa wò ó, ó ní kí n ṣáà má jẹ́ kó gba àkókò ìrun mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ mọ̀ pé fíìmù kì í ṣe ohun àjèjì sí mi. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ìdajì ohun tí mo mọ̀, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kọ́ mi, ìdajì tó kù, fíìmù ni. Ṣùgbọ́n mo lẹ́jọ́ tí mo fẹ́ bá àwọn tó ń ṣe fíìmù ìsinsìnyí rò. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Mo ti mọ àga rẹ̀ dunjú, aláwọ̀ wúrà, tó ní ẹsẹ̀ bíi ti kìnnìún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé sẹ́nétọ̀ ni. Lọ́sẹ̀ yìí, ilé ọ̀gá gbájú-ẹ̀ ni, wọn ò sì pààrọ̀ kọ́tìnnì. Lójú tèmi, ẹni tó nilé yẹn ló ń jèrè jù nínú gbogbo iṣẹ́ fíìmù, kò ní láti kọ́ ọ̀rọ̀ kankan sórí. Obìnrin kan wà tó ń sunkún pé ebi fẹ́ pa òun àtọmọ, èékánná rẹ̀ gùn bí ìka, ó kùn ún ní pupa. Mo mọ iye tí wọ́n ń lẹ èékánná lẹ́nu Ọjà'ba. Owó yẹn á ra gààrí tí á tó wọn jẹ fún ìgbà díẹ̀. Ibi tó bá ti wá ń dùn gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gé e, wọ́n á ní kéèyàn lọ wá apá kejì, dátà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ti opó ló ń dùn mí jù. Opó inú fíìmù kì í ju oríṣi méjì lọ, bí kò bá jẹ́ òun ló pa ọkọ rẹ̀, á máa sunkún títí orin á fi parí. N kò tíì rí èyí tó rẹ́rìn-ín láìpa ẹnikẹ́ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láyé mi, n ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá Súkúrá ló mú mi lọ wò ó nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, tí n ò tíì mọ ọ̀nà Bẹẹrẹ yàtọ̀ sí ti Òjé. Inú gbọ̀ngàn kan ni, aṣọ funfun ni wọ́n ta sára ògiri. Obìnrin kan ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù lọ́jà. Kò sí ilé ńlá níbẹ̀, kò sí mọ́tò olówó iyebíye. Obìnrin náà kàn ń rìn láti ìdí àtẹ kan dé òmíràn, ó ń béèrè, ohùn rẹ̀ ń há. Nígbà tó yá, iná lọ. A jókòó sínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tó dìde, ìyá kan lẹ́yìn mi sì ń bẹ Ọlọ́run sókè pé kí wọ́n bá òun rí ọmọ náà, bí ẹni pé òun ló bí i. Bàbá Súkúrá wá yọ́ ọ sọ sí mi létí pé wọ́n máa rí i, lọ́dọ̀ aláṣọ ni wọ́n ti máa rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Inú bí mi débi pé n ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Títí tó fi lọ, kò lè wo fíìmù kó má sọ ìparí rẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọkùnrin tí wọ́n ní ó wà nínú yàrá mi.

Òjò ló ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ mọ bí òjò ṣe ń pariwo lórí páànù, èèyàn ò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Mo ti ìlẹ̀kùn kí òjò má fẹ́ wọlé, mo gbé ohùn fóònù lọ sókè pátápátá, mo gbé e ka orí ìrọ̀rí. Fíìmù baálé ilé kan tí wọ́n tì mọ́ta ni mò ń wò. Òjò náà kò wá dá díẹ̀díẹ̀. Ó kàn dá lẹ́ẹ̀kan náà ni, bí ìgbà tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Gbogbo agboolé dákẹ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohùn ọkùnrin ti jáde láti yàrá mi, ohùn ńlá, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé, pé òtútù ń mú òun, pé láti ọjọ́ tí òun kò ti fẹ̀gbẹ́ kan olólùfẹ́ òun mọ́ ni oorun kò ti kùn òun.

Èmi náà sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Agbádá tó wọ̀ ni. Agbádá aláwọ̀ ewé kan náà yẹn, tó ní àbààwọ́n epo lápá òsì, ọba ló wọ̀ ọ́ nínú fíìmù tí mo wò lánàá ọjọ́ náà. Mo ní ẹ wá wo kábíyèsí nínú òjò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rẹ́rìn-ín látìgbà tí Bàbá Súkúrá ti kú.

Ìlẹ̀kùn ṣí gbàgà. Àlhájà Mùtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ó ká kọ́tìnnì sókè. Ó tẹ orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, tó mú kó máa jókòó kírun láti ọdún tó kọjá, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n mú ọmọ aláìnítìjú náà jáde. Mo nawọ́ sí orí ìrọ̀rí. Ọkùnrin náà ṣì ń sunkún níbẹ̀.

Àlhájà tẹjú mọ́ ọn. Ó bi mí pé kí ló ṣe tí wọ́n fi tì í mọ́ta. Mo ní ilẹ̀ ìyálé rẹ̀ ló tà, tó fi ra mọ́tò fún ìyàwó. Ó ṣépè fún un. Ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kó lè ráyè ṣépè náà dáadáa. Ó ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún un o. Nígbà tí ìyálé pàpà ṣílẹ̀kùn, mo rí i tó ń nu ojú, ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Eruku, lọ́jọ́ òjò.

Ṣùgbọ́n Ìyá Sàlíù, ìyàwó ilé kan tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu Ọjà'ba, kò dúró kí ìlẹ̀kùn ṣí. Ohùn ọkùnrin àti ẹ̀rín obìnrin ló gbọ́, ó ti gbé ìbòrí, ó ti lọ. Awakọ̀ kan tó ń ná Ṣakí ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe délé yín nìyẹn.

Nínú fíìmù, ẹni tó purọ́ mọ́ni á jáde sí títì kó tó parí, á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Èyí tí mo wà nínú rẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Sàlíù kí mi láàárọ̀ yìí, ó tún bu ìrẹsì fún mi. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Àlhájà tó mọ òótọ́ sì pa ẹnu mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ ọ́ nílé, ó ní báwo ni òun ṣe máa ṣàlàyé pé òun mọ̀ pé wọ́n padà ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin náà? Ẹni tó ti dìde nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, tó ní iṣẹ́ èṣù ni fíìmù! Bẹ́ẹ̀ ló sì ń wá lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní bí ara mi ṣe rí lòun wá wò. Lẹ́yìn náà á bi mí pé ibo la bá a dé.

Ìyá mi, ọjọ́ tí opó mi máa pé ti kù díẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yìí. Ẹbí opó ló ń gbé aṣọ mìíràn wá. Ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bomi sí i lára, tó ń fà á lọ́wọ́ jáde, kí àlùfáà tó ṣàdúrà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ti Ṣakí wá, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn wo ara wọn ni. Wọ́n á ní ẹ̀yin tí ẹ bí mi gan-an lẹ gbà á gbọ́. Ìlẹ̀kùn á ṣí lọ́jọ́ náà, àmọ́ inú yàrá yìí ni mo máa wà títí ayé. Owó ọkọ̀ yín wà lọ́wọ́ Súkúrá, àlọ àtàbọ̀. Ẹ má ra aṣọ tuntun. Ti ọdún iléyá tó wà nínú àpótí yín, ó ṣì ń bá mi mu.

Lánàá, Àlhájà bá mi níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ó bi mí ta ni mò ń kọ̀wé sí, mo sọ fún un. Ó wá ní kí n kọ ọ́ pé òun, Mùtíátù, kí yín, pé òun wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bàtà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní bí ẹ bá dé, òun fúnra òun ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà pàdé yín, òun á sì wí i lójú gbogbo ilé. Mo ní ṣé kí n kọ ọ́ pé ó sunkún. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀. N ò fi í sílẹ̀, nítorí pé ẹ ò ní gba ìyókù gbọ́ láìsí i.

Ọ̀kan ṣì kù. Fíìmù kan wà lórí fóònù yìí tí èmi àti Bàbá Súkúrá jọ bẹ̀rẹ̀. A dé ìdajì, ó ní kí n dá a dúró, òun fẹ́ lọ kírun. Mọ́sálásí ló ti ṣubú. Tí mo bá ti ṣí i, ibẹ̀ náà ló máa ń dúró sí: obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí mi, ó di ìlẹ̀kùn mú, n ò mọ̀ bóyá ó ń jáde ni àbí ó ń wọlé. Òun nìkan ni fíìmù tí Bàbá Súkúrá kò sọ ìparí rẹ̀ fún mi. Àlhájà ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ rí, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ní wò ó nínú yàrá yìí. Ẹ wá fà mí lọ́wọ́ jáde, ìyá mi. Tí àlùfáà bá ti ṣàdúrà tán, ẹ̀yin, èmi àti Àlhájà á jókòó síta, a óò jọ wo ibi tí obìnrin náà ń lọ.

Ọlọ́run á fi òróró sí orúnkún yín, á jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín gbé yín dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí awakọ̀ Ṣakí náà pẹ̀lú. Kó gbé èyí náà kiri.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò gbàlejò ọkùnrin kankan bí kò ṣe kábíyèsí inú òjò,

Nímọ́tà