Àtàǹpàkò Mi Kì Í Ṣe Àṣẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le níbẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Asọ̀rọ̀másinmi ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ? Ọlọ́run tó mú oyún yẹn dé ibi tó dé yìí kò ní í fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò bá ọ gbé ẹrù náà délé ayọ̀. Àmín.

Àlàáfíà ni àwa náà wà. Bàbá rẹ kí ọ. Ó kan àpótí ìjókòó kékeré kan fún Asọ̀rọ̀másinmi, ẹsẹ̀ kan gùn ju mẹ́ta yòókù lọ, ó gé e, ó wá kúrú jù, ó gé mẹ́ta yòókù kí wọ́n lè bá a dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn tún kúrú, bó ṣe ń gé e kiri nìyẹn títí àpótí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Káfíńtà ọgbọ̀n ọdún! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́. Ó ní kò burú, kí n sọ fún ọ pé ohun tí wàá máa gbé ẹsẹ̀ lé ni òun ti ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wíwú ẹsẹ̀ rẹ. Jọ̀wọ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òótọ́ ni.

Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní gbogbo ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama gé e kúrú. Ó ní òun gbọ́.

Wàá ti máa ronú pé o ń pe fóònù mi láti ọjọ́ Ẹtì, kò lọ. Má bínú. Ara fóònù náà kò yá, èmi ni mo sì kó bá a. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́rú bá mi nídìí máṣìnnì ìránṣọ mi. Bí mo ṣe gbọ́ pé o kí mi ni mo dáhùn, mo sì béèrè bí o ṣe jí, o kò sọ bí o ṣe jí, ọ̀rọ̀ mìíràn lo bọ́ sí. Mo ní kó o rọra, o kò rọra. Àbúrò rẹ ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, kì í gbọ́ ohun tí ènìyàn bá sọ sí i. Mo ní ó ti yé mi, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò lè kí mi kí n máa wò ó níran. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá tún tẹ̀ ẹ́, mo máa ń dáhùn níbi tó yẹ kí n dáhùn. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejìdínlógún, mo ti mọ ibi tí o ti ń mí, mo sì ti mọ ibi tí ohùn rẹ ti fẹ́ já bí òwú tó ti gbó. Ibẹ̀ ni ibi tí o ti ní ẹ̀rù ń bà ọ́.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. O ní ìfúnpá rẹ ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, pé dókítà kò fẹ́ kí oyún náà kọjá ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógójì. O ní ó gbé ọ̀nà méjì síwájú rẹ, pé kí o mú èsì wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí. Ọ̀nà kan, wọn yóò fi oògùn àti dírípù pe ìrọbí, kí o lè bí i fúnra rẹ. Ọ̀nà kejì, wọn yóò dá ọjọ́, wọn yóò sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ bí wọ́n ṣe ṣe é nígbà Asọ̀rọ̀másinmi, ṣùgbọ́n kò ní í sí sáré-sáré lọ́tẹ̀ yìí. O ní o kò mọ èyí tí o máa mú. O ní ọjọ́ méjì tí o fi rọbí nígbà yẹn, tó tún wá já sí ọ̀bẹ, ṣì wà lójú rẹ. O wá ní kí ni èmi rò.

Bàbá rẹ kò gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ó ní níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ pé dókítà ń dá ọjọ́ ìbí fún ẹni tí kò tíì sọ pé òun ti ṣe tán. Mo ní kí ló ṣe tuntun níbẹ̀. Ṣé kì í ṣe akọ̀wé báǹkì ló dá ọjọ́ ìbí tèmi? Akọ̀wé náà ní kí n sọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mo ní ìyá mi sọ pé òjò rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní fọ́ọ̀mù òun kò ní àyè fún òjò, ó sì kọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní. Lọ́dún yìí, lọ́jọ́ náà gan-an, báǹkì kọ̀wé sórí fóònù mi, wọ́n kí mi kú ọjọ́ ìbí, wọ́n ní àwọn mọ rírì mi. Ta ló kí mi rí lọ́jọ́ ìbí mi? Lọ́jọ́ kẹta mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ dúpẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ta ni mo fẹ́ rí, mo ní ẹni tó rántí mi. Ó wò mí títí, ó wá ní ẹni náà ti lọ sí ìpàdé, pé òun yóò bá mi jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Ọmọlúwàbí ni ọmọ yẹn. Mo wá sọ fún bàbá rẹ pé bí báǹkì bá lè dá ọjọ́ ìbí fún àgbàlagbà, kí ni kò ní í jẹ́ kí dókítà dá a fún ọmọ inú.

Ìgbà tí àwòrán fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn tí o fi ránṣẹ́ wá dé sórí fóònù ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Ilé onígun mẹ́rin méjì wà lórí rẹ̀, o sì ti sọ ọ́ nínú ohùn rẹ pé ti òkè ni ti oògùn, ti ìsàlẹ̀ ni ti iṣẹ́ abẹ. O ní ìlà kan tún wà tí ìbátan yóò fọwọ́ sí. Mo ní ìbátan wo ló ju ìyá lọ? Àbúrò rẹ kò sí nílé. Mo lọ bá akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí wa, ó yá mi ní tàdáwà tó fi ń lu òǹtẹ̀, mo ri àtàǹpàkò mi sínú rẹ̀ dáadáa bí ẹni tó fẹ́ dìbò, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù, lórí ilé ti ìsàlẹ̀. Fóònù gbọ̀n. Àwòrán náà tóbi, ó tún kéré, ó ń sá lọ sá bọ̀ lábẹ́ ìka mi. Bàbá rẹ ní kí n má ṣíwọ́, ó lè jẹ́ pé ó ń gbé e lọ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Kò pẹ́ tó fi dún. A gbé e lọ bá onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, ó kà á fún wa pé wọ́n ti gba ìbéèrè mi, wọn yóò dá mi lóhùn láìpẹ́. Bàbá rẹ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní ilé ìwòsàn ìlú ńlá mọ iṣẹ́ o.

Tàdáwà wá kù lójú fóònù. O mọ̀ mí, n kì í fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo sá a sójú oòrùn. Láti ìgbà náà ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí àbúrò rẹ dé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kọ̀wé yẹn, pé kò sóhun tó dé ilé ìwòsàn kankan. Mo ní àwọn tí mo ti ń bẹ̀ láti ọdún tó kọjá pé kí wọ́n yé gé owó orí fóònù mi, ìgbà wo ni wọ́n dá mi lóhùn rí? Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Bó bá wá dé ńkọ́? Bí dókítà bá ti rí àtàǹpàkò ìyá, tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ? Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí kánkán nìyẹn. Awakọ̀ tó ń kó pákó fún bàbá rẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín láàárọ̀ ọ̀la, mo ti kì í nílọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni kó fi í lé, kì í ṣe ọwọ́ ará ilé.

Lánàá, mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, ìyẹn tó gbẹ̀bí àbúrò rẹ. Mo fẹ́ kó sọ fún mi pé mo ṣe dáadáa. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ló fẹ́ bímọ, ṣé èmi ni àbí ìwọ? Ó ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí wọ́n bá fi oògùn pe ìrọbí tó sì bọ́ sí i, ara rẹ yóò tètè padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ti ṣí ilé ọmọ rí, ojú rírán àtijọ́ lè ya bí ìrọbí bá ń fà á. Ó ní kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí wọn yóò fi máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì nìyẹn, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ìkánjú lo oògùn náà, ó sì tún lè padà já sí iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn gbogbo wàhálà. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n dá ọjọ́ fún ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó jinná, o kò ní í lè gbé Asọ̀rọ̀másinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí o bá sì tún fẹ́ bímọ lẹ́yìn èyí, bí wọ́n bá ṣe ń ṣí ibẹ̀ léraléra ni ó ń le sí i.

Ojú rírán! Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí létí jù. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń ránṣọ. Mo mọ̀ pé aṣọ tí a ti tú rí kì í rí bí èyí tí a kò tú rí. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ojú rírán tí a rán dáadáa lè le ju aṣọ fúnra rẹ̀ lọ, aṣọ á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun á wà níbẹ̀. Nítorí náà, bá mi bi dókítà, òwú wo ni wọ́n fi rán an nígbà yẹn? Ṣé ìlọ́po kan ni àbí méjì? Ṣé ìbú ni wọ́n gé e àbí òòró? Nọ́ọ̀sì fi mí rẹ́rìn-ín nítorí òwú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi ìbú àti òòró, ó dá ẹ̀rín dúró. Ó ní kí o béèrè ìyẹn lóòótọ́, pé ti ilé ọmọ ni kí wọ́n sọ fún ọ, kì í ṣe àpá tó wà lójú awọ. Ó ní kí o tún béèrè bóyá ẹnu ilé ọmọ ti ń rọ̀, àti ohun tó fà á gan-an tí ti àkọ́kọ́ fi di iṣẹ́ abẹ, bóyá ó tún lè wáyé. Àbúrò rẹ ti fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ilé ìsàlẹ̀ ni mo tẹ̀. Mo ní nítorí ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ ni. Ó ń ká báńdéèjì rẹ̀ lọ. Mo gbé ìbéèrè yẹn rìn délé, n kò sì lè purọ́ fún ọ.

Ọmọ mi, kì í ṣe nítorí tìrẹ ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí tèmi ni. Iṣẹ́ abẹ ní ọjọ́, ó ní aago. Nígbà tí Asọ̀rọ̀másinmi ń bọ̀, ọjọ́ méjì lo fi ń pe ìyá, fóònù ìyá wà níbi tí wọ́n ti ń bá wa fi iná sí i, èmi wà nídìí máṣìnnì, mo ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ ti pé ọjọ́ mẹ́rin kí n tó gbọ́. Ọjọ́ kọkànlá ni mo tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Obìnrin ará ilé yín ló ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. O dìde kí mi, o fi ọwọ́ kan di ikùn mú, o sì ní kí n má ṣe ìyọnu, pé ó ti rọlẹ̀. Mo ka àtẹ̀gùn ilé yín lọ́jọ́ náà, mọ́kàndínlógójì ni. Mo ń kà á, mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ mi gun èyí pẹ̀lú egbò tútù, n kò sì sí níbẹ̀ láti di apá kejì mú. Ó ti di ọdún mẹ́rin. O kò fi bú mi rí. Ì bá sàn kó o bú mi.

Ohun tó wà nínú àtàǹpàkò yẹn nìyẹn. Mo ní bí mo bá ti mọ ọjọ́, n ó ti dé kí wọ́n tó gbé ọ wọlé, ojú mi ni wàá kọ́kọ́ rí tí o bá jáde. Irú ìyá wo nìyí, tó fẹ́ kí wọ́n la ọmọ òun kí òun lè mọ ọjọ́ tí òun yóò wọ ọkọ̀! Mo ti gbà á padà. Sọ fún dókítà bẹ́ẹ̀, bó rí i, bí kò rí i. Ìwọ lo ni ara rẹ, ìwọ àti ọkọ rẹ ni kí ẹ jókòó, kí ẹ bi dókítà ní gbogbo ohun tó ń dẹ́rù bà yín, kí o sì mú èyí tí ọkàn rẹ bá gbà. Bí o bá mú oògùn, mo wà lẹ́yìn rẹ. Bí o bá mú iṣẹ́ abẹ, mo wà lẹ́yìn rẹ. Bí o bá sì mú ọ̀kan lónìí tí o yí i padà lọ́la, nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó máa mú ọ fún un.

Èyíkéyìí tó bá jẹ́, n kò dúró de ọjọ́ mọ́. Mo ti sọ fún àwọn tó kó aṣọ wá pé kí wọ́n wá kó o lọ bá télọ̀ mìíràn. Awakọ̀ yìí ní Ọjọ́bọ̀ ni òun tún ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ yín, mo ti ní kó fi àyè iwájú sílẹ̀ fún mi. Kódà bí oṣù kan ló kù, n ó jókòó tì ọ́, n ó máa wò ọ́ bí o ṣe ń sùn. Ti owó tí a ó fi ra fóònù mìíràn, jẹ́ kó dúró ná. Owó ọkọ̀ ni mo ń tọrọ, fi rán awakọ̀, àlọ nìkan. Ti àbọ̀, a ó sọ ọ́ nígbà tí ọmọ tuntun bá ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run yóò sọ ọ́ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́. Ọwọ́ tí yóò tọ́jú rẹ kò ní í gbọ̀n. Omi kò ní í pọ̀ ju ọkà lọ. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, èmi yóò sì wà nítòsí débi pé etí ara mi ni n ó fi gbọ́ méjèèjì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.