Mo Rọ Kọ́fí Kún Ife Àlejò, Àlejò sì Dìde

Èmi ni mo lé àlejò náà lọ. Kì í ṣe orogún mi. Èmi ni, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo Òmù-Àrán yìí àfi Ọlọ́run àti àlejò fúnra rẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí báyìí… Mi ò lè bi àáfà wa, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Mi ò lè bi àwọn obìnrin ilé, nítorí kí n tó sọ̀rọ̀ tán, yóò ti dé etí odò. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí fún olóbì tó ń lọ sí Èkó, kó bá mi fi lé àwọn tó ń tẹ̀wé lọ́wọ́, kí ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ojú mi lè sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.

Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi. Ogun ló gbé ìyá mi débẹ̀, ó sì kú sílé ìyá Àgùdà kan, Mùsùlùmí bíi tiwa, tó ti ṣẹrú ní ilẹ̀ Bràsíìlì kó tó ra ara rẹ̀ padà. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Òun ló fi mí sílé kéú, òun ló ní kí wọ́n kọ́ mi ní lẹ́tà tí mo fi ń kọ èyí, òun náà ló kọ́ mi ní kọ́fí. Ilẹ̀ kì í mọ́ nílé rẹ̀ láìsí kọ́fí. A ó yan án títí yóò fi dúdú, a ó gún un lódó, a ó sè é, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, a ó wá da ṣúgà sí i bí ẹni pé ṣúgà ni à ń sè. Òyìnbó oníwàásù tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa máa ń da wàrà màlúù sí tirẹ̀, ìyá á sì máa rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà ń mu oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ohun tí ìyá kò fi ṣeré ni ife àlejò. Ó ní ní ilẹ̀ tí àwọn ti wá, ife àlejò gbọ́dọ̀ kún dé etí, pé ahun ló ń bu kọ́fí àbọ̀ fún èèyàn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ó yàtọ̀ sí tiwa? Ta ló ń bu omi ìdajì igbá fún àlejò nílẹ̀ Yorùbá?

Nígbà tí mo padà wá sílé, tí mo fẹ́ ọkọ mi, mo kó kọ́fí mi dání. Ìyá ọkọ mi ń pè é ní omi èédú. Ọkọ mi kò bá mi jà lé e lórí, ó kàn ní kí n má ṣe gbé e síwájú ẹni tó bá níyì. Mo gbà… mo sì ń mu ún ní kọ̀rọ̀ mi.

Wàyí o. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi. Ó ti tó ẹni tí à ń bá ìdílé ọkọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ìgbà òjò tó ń parí lọ yìí, àwọn ológun kó o lójú ọ̀nà oko pẹ̀lú àwọn mìíràn. A sáré, a wá a, a gbọ́ níkẹyìn pé ilé olórí ogun kan ní Ìlọrin ló wà, pé bí òjò bá ti dá, tí ọ̀nà gbẹ, wọ́n máa kó wọn kọjá odò Ọya lọ sí ilẹ̀ Tápà. Ẹni tó bá ti kọjá odò Ọya, ẹ sọ fún mi, ibo la ti fẹ́ máa wá a?

Ọlọ́run ṣàánú wa. Lárúbáwá kan wà lọ́dọ̀ olórí ogun yẹn, àgbàlagbà, olùkọ́ rẹ̀ ni. Kò tíì pẹ́ tó dé ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ, olórí ogun kì í yẹ̀ ẹ́. Bàbá náà ń bọ̀ láti Ṣàárẹ́, ó fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa kọjá, àáfà wa sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yà sílé wa sinmi. Ẹ mọ̀ pé bàbá ọmọ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ àlejò pé kó bá òun gba ọmọ sílẹ̀, àgbà ló ń bá a sọ ọ́, a kì í sì í sọ ọ́ kí àlejò tó fi nǹkan kan ẹnu. Nítorí náà nígbà tí bàbá jókòó, ọkọ mi sáré lọ pe àáfà. Ó ní kí n gbé obì àti fùrá síwájú rẹ̀.

Mo gbé e. Ó fi ọwọ́ kan àyà, ó dúpẹ́, kò mú ìkankan. Mo ní bí kò bá fi nǹkan kan ẹnu, báwo la ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀? Ni mo bá rántí pé àwọn Lárúbáwá ló kọ́kọ́ ń mu kọ́fí kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Mo wọ ilé ìdáná, mo yan díẹ̀. Wallahi, bí òórùn rẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ tàn bí ojú ẹni tó gbọ́ ohùn ará ilé rẹ̀! Mo ní Alihamudulilahi. Mo mú ife tó tóbi jù tí mo ní, tí ìyá Àgùdà fún mi nígbà ìgbéyàwó mi. Mo rọ ọ́ kún. Mo rọ ọ́ kún títí tó fi fẹ́ dà sí mi lọ́wọ́, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un… Bàbá wo ife náà. Ó wo ojú mi. Ojú tó tàn yẹn ṣú. Ó fi ètè kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì dìde.

Orogún mi, ìyàwó kékeré, ń gbá iwájú ilé lọ́wọ́, nítorí adìyẹ ti ya ìgbẹ́ sí ojú ọ̀nà tí àáfà máa gbà wọlé. Ìgbálẹ̀ yẹn ni ọkọ mi bá lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí òun àti àáfà padà dé, tí àlejò ń gun ẹṣin. Ẹ mọ ohun tí ìgbálẹ̀ jẹ́ tí àlejò bá wà nílé: bí ẹni ń gbá a jáde ni. Ọkọ mi sá tẹ̀ lé ẹṣin, ó ń bẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá bàbá wá, tó ń gbọ́ èdè rẹ̀, sì sọ fún un pé bàbá ní kí Ọlọ́run bùkún ilé yìí, pé ohun tí a wí, òun ti gbọ́. Kí la wí? A ò tíì wí nǹkan kan!

Ọkọ mi wọlé. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyàwó mi méjèèjì, ẹ gbọ́. Èyí tó bá lé àlejò yìí nínú yín, mo ti kọ̀ ọ́. Ọlọ́run gbọ́, àáfà gbọ́." Gbogbo ojú yí sí ìgbálẹ̀. Ọmọ yẹn kò jà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ bá mi máa wo adìyẹ mi tó ń sàba." Ó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Àrán-Ọ̀rin. Èmi náà rò pé ìgbálẹ̀ ni, mo fi Ọlọ́run búra, mo rò bẹ́ẹ̀. Mo ti da kọ́fí nù kí ọkọ mi tó rí i, nítorí mo ti rú òfin rẹ̀.

Àfi ìgbà tí bàbá kan tó ń ta okùn lọ́jà wa yà sí ẹ̀yìnkùlé mi. Ó ti ru ẹrù àwọn arìnrìn-àjò dé Mẹ́kà rí. Ó gbóòórùn kọ́fí, ó jókòó, ó ní, "Ìyàwó Àgùdà, bù ú wá, ṣùgbọ́n díẹ̀ o! Má lé mi o!" Mo ní, "Bàbá, ta ló ń lé yín?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ife wọn kò ju ìkarahun ìgbín kékeré lọ, kọ́fí wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èròjà olóòórùn dídùn ni wọ́n ń fi sí i, wọn kì í fi ṣúgà sí i. Wọ́n á bù ú kó kàn bo ìdí ife. O mu ún, wọ́n tún bù, o mu ún, wọ́n tún bù, títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi mi ife pé ó tó. Bíbù yẹn ni ọlá. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá rọ ọ́ kún fún ọ, ọmọ mi, wọ́n ní mu ún kí o máa lọ ni. O ti sú wọn!" Ó tún rẹ́rìn-ín… Mi ò mọ bí mo ṣe dé inú yàrá mi.

Ẹ gbọ́ mi yé. Ìbúra yẹn, orí ta ló bọ́ sí? Ṣé èmi kọ́ ni ó kọ̀? Orogún mi wà ní Àrán-Ọ̀rin bí ẹni tí a kọ̀, èmi tí a kọ̀ ń se oúnjẹ ọkọ. Ó ti pè mí sí yàrá rẹ̀, mo purọ́ pé mò ń ṣe nǹkan oṣù. Títí di ìgbà wo? Mò ń kírun, iwájú orí mi ń kan ilẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá nínú ilé ọkọ mi ni mo ti ń kírun tàbí nínú ilé ọkùnrin tí kì í ṣe tèmi mọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé ọlá ni mo fẹ́ fi fún àlejò. Ṣé ìbúra ń wo ohun tó wà lọ́kàn, àbí ohun tí ọwọ́ ṣe?

Ọkọ mi kò sì fẹ́ lọ sí Ìlọrin mọ́. Ó ní ojú wo lòun fẹ́ fi wo bàbá náà. Bí mo bá sọ òótọ́, ó máa lọ, mo mọ̀ ọ́n, ó máa lọ lóru, ó máa ṣàlàyé, bàbá náà yóò sì gbọ́, nítorí ẹni rere ni. Ọmọ mi lè wálé. Ṣùgbọ́n ilé tí yóò wá bá, èmi kò ní sí níbẹ̀. Bí mo bá ní kí n gba ọ̀nà Ìlọrin lọ fúnra mi, obìnrin kan ṣoṣo lójú ọ̀nà yìí, wọ́n á kó èmi náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, kí lẹ máa ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin ẹ̀sìn, ṣé ìyàwó ọkọ mi ṣì ni mí? Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá tẹ èsì yín jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún olóbì, yóò sọ fún mi. Láàárọ̀ yìí ni ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ nílùú wa. Àwọn obìnrin ilé yọ̀, wọ́n ń sá ọkà bàbà wọn sóòrùn. Ọ̀nà ti ń gbẹ.