Tábìlì Nọ́ọ̀sì Tí Ẹ Gbé Kúrò ní Ìdí Àràbà

Ilé Iṣẹ́ Káfíńtà Ọ̀gá Jẹ́láàní,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Tchaada,
Kọ́múnù Ifangni.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ọjà Ìdí-Àràbà,
Tchaada,
Kọ́múnù Ifangni.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ TÁBÌLÌ TÍ WỌ́N FI Ń WỌN Ẹ̀JẸ̀ RÍRU PADÀ SÍ ÌDÍ ÀRÀBÀ KÍ N TÓ KAN PÓSÍ TUNTUN TI MỌ́ṢÁLÁṢÍ

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Orúkọ mi ni Àbdùlàzéèzì Ògúnrìndé. Káfíńtà ni mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Jẹ́láàní, ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa nítorí ẹgbẹ́ kan náà lẹ jọ wà. Lẹ́tà kejì mi sí yín nìyí. Akọ̀wé kan ló bá mi kọ ti àkọ́kọ́ ní Faransé lóṣù Karùn-ún, ó sì dùn ún kà débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó mọ ohun tí mo ń wí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, ní èdè tí ẹ̀yin àti èmi jọ ń sọ.

1. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí igi, nítorí igi ni mo mọ̀. Mọ́ṣáláṣí wa ní pósí kan tí a fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́. Bàbá ọ̀gá mi ló fi ìrókò kàn án. Àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà ni fífẹ̀ rẹ̀, ó sì ní ọwọ́ mẹ́rin tí ènìyàn mẹ́rin fi ń gbé e. Pósí yìí kì í bá òkú wọ ilẹ̀. Yóò padà wálé, a ó fọ̀ ọ́, a ó gbé e ti ògiri, yóò sì máa dúró de ẹlòmíràn. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, àgbẹ̀, oníṣòwò, alùfáà, gbogbo wọn ló gbà. A kò pààrọ̀ ìṣó kan lára rẹ̀.

2. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Mùríìdì, tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí Daagbé, ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà rẹ̀ níbi tó ti ń dúró de èrò. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni. Nígbà tí a tẹ́ ẹ sórí pósí, apá rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Èmi ni mo di ọwọ́ ọ̀tún mú níwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí a tó dé itẹ́, ohun tí àwọn àgbà ní àwọn kò rí rí. Ọwọ́ pósí tí mo dì mú ti sán kí a tó padà.

3. Ní Oṣù Kejì ọdún 2024, ó kan Sìdíkátù aláṣọ, tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Lọ́jọ́ náà ni ọ̀gá mi ní kí n fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kún pósí lọ́tùn-ún, kí n fi márùn-ún kún un lósì. Kò sí ìrókò nílẹ̀. Igi mìíràn tó pupa ni mo lò. Ẹni tó bá wo pósí náà lónìí yóò rí ibi tí ti àtijọ́ parí sí àti ibi tí tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

4. Oníbàárà Fortunée ni àwọn méjèèjì, Fortunée tó ń dín ìdí tòlótòló, apá adìẹ inú yìnyín àti ànàmọ́ òyìnbó lọ́jà yín, tó ń fi ẹlẹ́rìndòdò tì í. N kò sọ pé oúnjẹ rẹ̀ ló pa wọ́n. N kì í ṣe dókítà. Mo lọ bá a lójúkojú, mo sì béèrè bóyá ó lè dín èyí tó ń bù fún ọ̀gá mi kù, torí oníbàárà rẹ̀ ni òun náà. Ó gbé ṣíbí tó fi ń dín nǹkan sílẹ̀, ó ní, “Àbdú, ṣé èmi ni mò ń gbé ọwọ́ ọ̀gá rẹ sẹ́nu? Bí mo bá bu mẹ́rin fún un, ìjà ni. Mẹ́fà ló ń fẹ́. Lọ bá ẹni tó ni ẹnu.” Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. N kò wá kí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

5. Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi, mo sì fẹ́ kí ó wà nínú ìwé. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dun ọ̀gá mi tí ó ti ń jókòó ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń lọ ra oúnjẹ yẹn fún un, ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀, fún ọdún mẹ́ta. Ó máa ń fún mi ní ìdá kan, mo sì máa ń jẹ ẹ́. Bí ikùn rẹ̀ bá kan etí tábìlì iṣẹ́, a jọ máa ń rẹ́rìn-ín ni. Láti Ramadáánì tó kọjá ni mo ti kọ̀ láti lọ rà á. Láti ìgbà náà, bí mo bá wọlé, yóò wí fún àwọn tó bá wà níbẹ̀ pé, “Ẹ dákẹ́, Lèmọ́mù ẹnu mi ti dé.” Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ báyìí.

6. Ọ̀rọ̀ tó kàn yín nìyí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Flore máa ń gbé tábìlì sí ìdí àràbà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti ẹ̀rọ tó ń fún apá láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru. Kò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀nà ni tábìlì náà wà. Kò sẹ́ni tó ń wọ ọjà tí kì í kọjá níwájú rẹ̀. Ọ̀gá mi kì í lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní aláìsàn nìkan ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń jókòó níwájú Flore, nítorí pé wọn yóò jọ ṣàwàdà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà mìíràn.

7. Ní ìparí Oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, Flore wọn ọ̀gá mi, ó rí mọ́kàndínlógún lórí mọ́kànlá, ohun tó yẹ kí ó wà ní méjìlá lórí mẹ́jọ. Kò bá a ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Bíróò pupa ló fi kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó fún un, ó sì wí fún un pé ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, kí ó wá.

8. Ó lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé gbólóhùn kékeré yìí. Ọ̀gá mi wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, ó fi ìwé náà sí àpò, mo sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ìdí àràbà, tábìlì kò sí níbẹ̀ mọ́. Agbada kejì Fortunée ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àga ike mẹ́jọ. Ìgbìmọ̀ yín ló fi àyè náà fún un. Ẹ ti gbé Flore lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀ gààrí, níbi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Ọ̀gá mi dúró díẹ̀, ó wo àyè náà, ó wo mí. Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ ohun tó ń pa ènìyàn ni, ṣé àwọn Alága á gbé e kúrò?” Ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n bu mẹ́fà wá.

9. Ẹnikẹ́ni kò bá Flore dé ibi ewúrẹ́. Ní Oṣù Kẹta, òun náà kò wá mọ́. Ó ti lé ní oṣù mẹ́wàá báyìí tí ẹnikẹ́ni kò wọn ọ̀gá mi.

10. Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣọ̀gá, akọ̀wé ìgbìmọ̀ yín, fi ẹnu dá lẹ́tà mi àkọ́kọ́ lóhùn láàárín ọjà. Ó ní olúkúlùkù ni yóò jíhìn fún ẹnu ara rẹ̀, ó sì ní kí káfíńtà gbájú mọ́ igi. Mo gba àkọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀gá mi lórí kunkun, ẹ̀bi rẹ̀ wà níbẹ̀, n kò gbè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ní kó yan ọ̀nà, a kì í bá a dí ọ̀kan kó tó débẹ̀. Ní ti ìkejì, mo ṣe bí ó ti wí. Igi ni mo gbájú mọ́, ohun tí mo sì rí lára igi ni mo ń kọ sí yín.

11. Àwọn alábòójútó mọ́ṣáláṣí ní pósí àtijọ́ ti gbó, kí a kan tuntun, kí ó sì délé ní Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí. Wọn kò sọ fífẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi ló sọ ọ́: sẹ̀ǹtímítà márùndínlọ́gọ́rin, ọwọ́ mẹ́fà. Mo béèrè ìdí rẹ̀, torí pé ọgọ́ta ló gba Sìdíkátù. Ó ní kí n gé e bí òun ṣe wí. Mo gé e. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo to àwọn pákó náà sílẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe gún sí. Ọ̀gá mi bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ lé wọn lórí, ó ká ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Etí pákó àti apá rẹ̀ ṣe déédéé lọ́tùn-ún àti lósì. Ó ní, “Ó gbà mí.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fà á dìde, ó sì pẹ́ kí ó tó lè mí dáadáa.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ sún agbada kejì Fortunée sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ gààrí, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí Flore kí ó padà sí ìdí àràbà ní ọjọ́ ọjà tí yóò bọ́ sí ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí. Mo ti bá Fortunée sọ ọ́. Ó kùn, ṣùgbọ́n ó ní bí ẹ bá sọ ọ́, òun yóò sún. Èmi yóò kan tábìlì tuntun àti òrùlé kékeré lé e, n kò ní gba nǹkankan.

Ẹ̀bẹ̀ kan kù. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé tábìlì lè padà. Ó ní bí Alága bá kọ́kọ́ jókòó, kí Flore so okùn mọ́ Alága lápá lójú gbogbo ọjà, òun yóò jókòó tẹ̀ lé e. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í yẹ̀ lórí ohun tó bá ti fi ẹnu sọ. Ẹ wá jókòó, ẹ̀yin Ọ̀gá.

Àwọn pákó náà wà lára ògiri ilé iṣẹ́ wa. N kò tíì kàn wọ́n, n kò sì ní kàn wọ́n títí ọjọ́ ọjà yẹn yóò fi kọjá, bí ọ̀gá mi bá tilẹ̀ lé mi. Láti ìgbà tí mo ti gé wọn, n kò lè wo ènìyàn mọ́ kí ojú mi má wọn ún. Mo rí yín lọ́jà tó kọjá, ẹ jókòó ti ọ̀gá mi lórí àga ike, àwo kan náà lẹ jọ ń jẹ. Ẹ má ṣe bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò fi ṣe àrífín. Márùndínlọ́gọ́rin náà yóò gba ẹ̀yin náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ìwé mi dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí ń retí yín ní ìdí àràbà,

Àbdùlàzéèzì Ògúnrìndé,
Káfíńtà, ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Jẹ́láàní.